Ẹni Tó Júwe Ilé Àṣàbí

Bí mo bá purọ́, kí n má rí ibi sùn lálẹ́ òní: ní Ṣakí ló ti ṣẹlẹ̀. Olóyè Ọláòjó, onílé Àṣàbí, tó tún ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá, pè é, ó ní, "Bí yàrá mẹ́ta tí o fi ń gba àlejò kò bá ṣáájú òtẹ́ẹ̀lì mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí Iléyá tó dé, kó ẹrù rẹ." Àṣàbí ní, "Mo gbọ́, Bàbá." Íńtánẹ́ẹ̀tì kò kúkú yàtọ̀ sí ìlú: ilé tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ń júwe ni àlejò ń kọ́kọ́ bá. Ó forúkọ sílẹ̀ níbi gbogbo tí wọ́n ń to ilé ìtura jọ sí. Ó wọ àárín àwọn awakọ̀ tó ń tàkúrọ̀sọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò polówó yàrá, ibi tí kòtò wà lọ́nà ló ń sọ fún wọn. Ó kọ ọ̀nà Ṣakí látòkèdélẹ̀ sórí ìkànnì yàrá rẹ̀, àwọn awakọ̀ sì ń fi líǹkì, ìyẹn àdírẹ́sì ìkànnì náà, júwe rẹ̀ fún ara wọn. Àwọn àlejò Olóyè pàápàá ń ṣìnà, ni akọ̀wé òtẹ́ẹ̀lì bá lẹ líǹkì yẹn mọ́ ìkànnì tiwọn. Lọ́jọ́ ọdún, Olóyè wo íńtánẹ́ẹ̀tì: Àṣàbí ló ṣáájú. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló tì ọ́ lẹ́yìn?" "Ẹ̀yin náà ni, Bàbá. Ìkànnì yín ń júwe tèmi." Olóyè rẹ́rìn-ín títí, ó gbé itan àgbò lé e lọ́wọ́, ó ní kó máa lọ sílé rẹ̀. Wọ́n bi Olóyè pé ta ló nà án. Ó ní, "Èmi náà ni." Èmi tí mo ń sọ ìtàn yìí, èmi náà ni Olóyè ọ̀hún.