Èkù Tí Ìbídùn Gbẹ́

Ìbídùn ló yan ọ̀bẹ fún Ọdẹ́tọ́lá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé alágbẹ̀dẹ. Kò wo èyí tó ń dán; èyí tí ìdí irin rẹ̀ gùn ló mú, ó sì fi igi ayán gbẹ́ èkù tí irin náà gbà já dé ìsàlẹ̀.

Ọjọ́ méje làwọn ọdẹ lò nínú igbó. Níbi tí wọ́n ti ń la igi àtíbàbà, èkù ọ̀bẹ àwọn yòókù bọ́ dànù. Ti Ọdẹ́tọ́lá ni gbogbo wọn ń tọrọ lò.

Nígbà tí wọ́n gbé àgbọ̀nrín délé, wọn kò ka Ìbídùn mọ́ àwọn tó máa pín in.

Ọdẹ́tọ́lá ní, "Ìwọ tí o kò wọgbó, ẹran wo lo fẹ́ gbà?"

"Ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ dá iṣẹ́ ọwọ́ mi padà, kí ẹ fi ọ̀bẹ àwọn ọ̀rẹ́ yín kun ẹran."

Àwọn ọdẹ wo ọ̀bẹ wọn. Irin lásán ló wà lọ́wọ́ wọn.

Baba Ògúnkóyà, àgbà ọdẹ, bú sẹ́rìn-ín. "Ọdẹ́tọ́lá, bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Gé itan fún un."

Ìbídùn gbé itan rù. Kò gba ẹ̀yìnkùlé. Àárín ìlú ló gbà délé.