Ìrù tí Ọmọ́nlé Sin

Nígbà láéláé, nígbà tí ìrù alángbá ṣì le bí ìtàkùn, tí ẹnikẹ́ni kò lè fà á já, Ọmọ́nlé àti Alángbá àbúrò rẹ̀ jọ ń gbé inú ògiri ilé kan.

Ìyá wọn kú, wọ́n sì sin ín sínú ilé náà. Ilé tí a sin ìyá sí kì í ṣófo. Alángbá ní òtútù ilé pọ̀ jù fún òun, ó gba orí àpáta lọ. Ọmọ́nlé ni ẹ̀gbọ́n, òun ni ó kù sílé.

Lákọ̀ọ́kọ́, ọrọọrún ni Alángbá ń wá kí i. Nígbà tó yá, ẹnu èèrà ni Ọmọ́nlé ti ń gbúròó rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Alángbá yọ. Ọmọ́nlé gbé kòkòrò tó ti ń tọ́jú dè é kalẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kò tíì jẹun tán tó fi ní òun ń lọ.

“Ṣé ẹnu ìjẹun nìkan lo gbé wá ni?” ni Ọmọ́nlé wí.

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Oòrùn ń lọ. Mo ń bọ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ náà lo wí níjọ́sí.”

Alángbá yíjú sí ọ̀nà. Ni Ọmọ́nlé bá ṣe ohun tí àgbà kì í ṣe sí àlejò: ó fi ẹnu di ìrù rẹ̀ mú. Èyí ń fà, èyí ń fà, ìrù tí kò já rí sì já. Alángbá sá lọ, kò wẹ̀yìn.

Ìrù náà ṣì ń jà lẹ́nu Ọmọ́nlé. Ó gbé e kalẹ̀, ó ń bi í léèrè àlàáfíà. Kò tíì béèrè tán tí ìrù fi dákẹ́.

A kì í sọ ara ọmọ ìyá ẹni sí ààtàn. Ọmọ́nlé sin ín sí ìdí ògiri, níbi tí ìyá wọn sin ibi Alángbá sí lọ́jọ́ tó bí i. Bí ìyá ti máa ń wẹ ọmọ jòjòló lórí ibi rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ọmọ́nlé ń bu ìrì sí i láràárọ̀.

Lórí àpáta, ìdí bẹ̀rẹ̀ sí í yún Alángbá. Ìrù tuntun ń hù, ó kúrú, kò dán bí ti ìṣáájú. Ó mọ ọwọ́ tó ń bomi rin ín. Ó wá dé etí àgbàlá, ìtìjú kò jẹ́ kó wọlé.

“Ṣé o máa wọlé?” ni Ọmọ́nlé bi í láti inú ògiri.

Alángbá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò wọlé.

Láti ọjọ́ náà ni ìrù alángbá ti ń já bí a bá dì í mú, tó sì ń hù padà láìrí bí ti àkọ́kọ́. Alángbá ṣì ń mi orí nínú oòrùn. Ọmọ́nlé ṣì wà lára ògiri, ó ń retí rẹ̀.