Ọjọ́ Jímọ̀ tí Ẹṣin Bùráímọ̀ Kúnlẹ̀

Gbogbo àwọn tó ń fi ẹṣin fa kẹ̀kẹ́ ẹrù nílùú náà ló máa ń tú ẹṣin wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ kí ó lọ jẹko, àfi Bùráímọ̀. Okùn ti jẹ ẹṣin tirẹ̀ láyà di egbò, ó sì fi àkísà bò ó kí aráyé má baà rí i.

"Bùráímọ̀, jẹ́ kí ẹranko yìí sinmi," ni Bàbá Rálíátù, àgbà oníkẹ̀kẹ́, wí fún un lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. "Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Oòrùn ò tíì wọ̀." Ohun tó máa ń sọ fún ẹṣin náà nìyẹn tó bá ti fẹ́ dúró mí.

Ó so ó mọ́ òpó iná tòun ti kẹ̀kẹ́ yanrìn tó ń fà, ó wọlé lọ kírun. Ó ń bẹ Ọlọ́run nínú mọ́ṣáláṣí, oòrùn ń jó ẹ̀dá Ọlọ́run níta.

Nígbà tó jáde, ẹṣin ti kúnlẹ̀. Ó nà án, ó bẹ̀ ẹ́. Ẹṣin gbé orí lélẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Onílé tó ni yanrìn dé, kò gbọ́ àlàyé, nítorí àwọn bíríkìlà rẹ̀ ń dúró. Kò sí oníkẹ̀kẹ́ tó yá Bùráímọ̀ lẹ́ṣin. Wọ́n mọ ọwọ́ rẹ̀. Ó tú okùn lára òkú ẹṣin, ó gbé e kọ́ àyà ara rẹ̀. Kí ó tó gun òkè dé ìdajì, okùn ti bó o láyà. Ó dúró kí ó lè mí.

"Máa fà á lọ," ni onílé wí lẹ́yìn rẹ̀. "Oòrùn ò tíì wọ̀."