Ìkòkò tí Omi Ọmú Kán Sí

Obìnrin kan wà ní ìlú Òkè-Amọ̀ nígbà kan rí, Àwẹ̀ró ni wọ́n ń pè é. Amọ̀kòkò ni, bí gbogbo obìnrin ilé ọkọ rẹ̀ ti jẹ́ amọ̀kòkò. Bí o bá rí ìkòkò omi tí ọrùn rẹ̀ gún, tí ẹnu rẹ̀ kò wọ́ síbì kan, tí o sì béèrè ẹni tó mọ ọ́n, Àwẹ̀ró ni wọn yóò dárúkọ fún ọ. Ọdẹ́sànmí ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ kò sì bá a ṣọ̀tá. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún. Ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ bí kò pẹ́ láyé. Ṣe ni ọmọ náà ń rù díẹ̀díẹ̀, títí tó fi lọ. Nítorí náà, nígbà tí Ọlọ́run tún ṣí i nínú, tó bí ọkùnrin, Àjàgbé ni oríkì tí wọ́n fún un, nítorí wọ́n jà kí ọwọ́ wọn tó tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Ìyá Ọdẹ́sànmí jó débi pé gèlè rẹ̀ já bọ́, kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un.

Èèwọ̀ kan wà ní Òkè-Amọ̀ tí n kò gbọ́ pé ó wà níbòmíràn. Wọ́n ní omi ọmú kò gbọdọ̀ kán sí amọ̀ tútù. Bí ó bá kán sí i, gbogbo ìkòkò tí wọ́n bá sun pọ̀ mọ́ ọn ni yóò sán. Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ìkòkò a máa sán lóòótọ́. A máa sán bí òkúta wẹ́wẹ́ bá wà nínú amọ̀, tàbí bí wọ́n bá gbé e sínú iná láì gbẹ. Ṣùgbọ́n ó rọrùn láti di ẹ̀bi ru abiyamọ ju kí èèyàn jẹ́wọ́ pé òun kánjú. Nítorí èyí, obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́mú kì í gbé ọmọ lọ sí àgbàlá tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò, tó wà lẹ́yìn odi ìlú, létí kòtò amọ̀. Bí ara rẹ̀ bá ti le díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, yóò gbé ọmọ fún ìyá ọkọ, yóò padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì di ìrọ̀lẹ́ kí ọmọ tó tún fojú kan ọmú.

Kí ni ọmọ yóò máa jẹ láti àárọ̀? Omi ni, omi àti àgbo. Ìyá Ọdẹ́sànmí kò fi ìkà ṣe é o. Lójú tirẹ̀, ọmọ tí kò bá mu omi, òùngbẹ ni yóò pa á. A máa tẹ́ Àjàgbé sórí itan, a fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe àwo sí i lẹ́nu, a sì rọ ọ́ ní omi àti àgbo títí ikùn rẹ̀ yóò fi le gbandi. Bí ọmọ bá ti sùn, inú ìyá àgbà a dùn, a ní ó ti yó.

Àwẹ̀ró a ti àgbàlá dé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ọmú tó wú, tó ń ro ó. A fọ amọ̀ kúrò lọ́wọ́, a gbé ọmọ mọ́ra. Àjàgbé a fà á díẹ̀, a sì yíjú kúrò, nítorí kò sí àyè mọ́ nínú ikùn rẹ̀. Nígbà tó yá, ọmú kò ro Àwẹ̀ró mọ́. Ẹ̀rù bà á ju ti ìgbà tó ń ro ó lọ. Ó rí i pé itan ọmọ náà kò kún mọ́, ó rí i pé ojú rẹ̀ ń tóbi sí i nínú orí rẹ̀. Ó ti rí irú rẹ̀ rí. Ó mọ ibi tí ọ̀nà yẹn ń lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún? Ìyàwó ilé ni. Kò fẹ́ kí wọ́n ní òun ń kọ́ ìyá ọkọ òun ní ọmọ títọ́, òun tí èyí tó kọ́kọ́ bí kò dúró.

Nígbà tó di ọjọ́ ọjà kan, orúnkún Ìyá Ọdẹ́sànmí wú, kò lè gbé ọmọ. Ìkòkò tó ti jáde nínú iná kò ní èèwọ̀, nítorí náà Àwẹ̀ró pọn ọmọ rẹ̀, ó ru ẹrù ìkòkò, ó sì gba ọjà Ìdí-Ọdán lọ.

Kò tíì sọ ẹrù rárá tí obìnrin aláta kan fi ké sí i pé, “Abiyamọ, orí ọmọ rẹ wọ́ o.” Àwẹ̀ró dúpẹ́, ó gbọn ọmọ sókè lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fún ọ̀já le. Kò rìn jìnnà tí bàbá kan tó ń ta okùn fi sọ bákan náà fún un. Ó tún dúpẹ́, ó tún un pọ̀n. Oníṣu sọ ọ́. Obìnrin tó ń ta iyọ̀ sọ ọ́, ó tilẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé orí ọmọ náà dúró díẹ̀ kó tó fi í sílẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo wọn sọ, oore sì ni wọ́n rò pé àwọn ṣe. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ti sọ tirẹ̀ tán, a padà sídìí ọjà rẹ̀, ọkàn rẹ̀ a sì balẹ̀.

Lábẹ́ igi ọdán tí wọ́n fi sọ ọjà náà lórúkọ, ìyá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ọlọ́ṣẹ, nítorí ọṣẹ dúdú ló ń tà. Kò wu ẹnikẹ́ni láti ná ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí o bá ní ọṣẹ rẹ̀ wọ́n, á ní kí o lọ máa fi eérú wẹ̀. Kì í dìde fún oníbàárà. Ẹni tó bá fẹ́ rà, kó bẹ̀rẹ̀ mú un. Ṣùgbọ́n ọṣẹ rẹ̀ ni wọ́n fi ń wẹ ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kọjá lẹ́yìn ìyá wọn lọ́jà náà, ó sì máa ń wo ọmọ wọ̀nyí bí àgbẹ̀ ti ń wo ebè.

Ó rí Àwẹ̀ró bó ti tún ọmọ pọ̀n níwájú òun. Ó rí i pé ọ̀já náà le, ó sì dọ́gba. Síbẹ̀, orí ọmọ tún ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá Ọlọ́ṣẹ gbé ọṣẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó sì dìde. Àwọn tó ti ń bá a pàtẹ láti ọjọ́ pípẹ́ ní àwọn kò mọ̀ pé ìyá náà ga tó bẹ́ẹ̀.

Ó di etí aṣọ Àwẹ̀ró mú. “Ọmọ mi, sọ ẹrù rẹ.”

“Ìyá, ẹ má bínú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un pọ̀n ni.”

“Mo rí ọ. Ọ̀já kọ́ ló ṣe é. Sọ ọmọ náà kalẹ̀ kí n rí i.”

Ó gba Àjàgbé. Ó fọwọ́ kàn án níkùn, ó fọwọ́ kàn án lápá, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ọrùn rẹ̀. Ó béèrè ohun tó ń jẹ. Àwẹ̀ró sọ ọ́. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní, “Ikùn rẹ̀ kún, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ kò jẹun.” Ọ̀rọ̀ náà ló tú omijé lójú Àwẹ̀ró. Ohun tí kò lè sọ nílé ọkọ, ó sọ ọ́ fún ẹni tí kò mọ̀ rí: ọ̀rọ̀ èèwọ̀, ọ̀rọ̀ omi, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ tó lọ. Ó ní omi ọmú òun ti ń gbẹ, òun kò sì mọ ohun tí òun ṣe.

“O kò ṣe nǹkan kan. Kànga tí a kò bá pọn, ewé ní í dí i. Jókòó, kí o fún un lọ́mú.”

Àpótí tirẹ̀ gan-an ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ fi jókòó fún un. Ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá, àti ẹ̀fọ́ tí ẹja kún inú rẹ̀, ó sì dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Àjàgbé fà á, ó sùn, ó jí, ó tún fà á. Ìyá Ọlọ́ṣẹ fúnra rẹ̀ ló bá Àwẹ̀ró ta ìkòkò. Wọn kò tíì ra ìkòkò rẹ̀ kíákíá báyẹn rí, nítorí kò sí ẹni tó láyà láti dúnàádúrà. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ó fi ọṣẹ rẹ̀ síkàáwọ́ aláta, ó mú ọ̀pá, ó sì bá ìyá àti ọmọ lọ sí Òkè-Amọ̀.

Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí Ìyá Ọdẹ́sànmí, bí àlejò ti í ṣe, ó bá a kẹ́dùn orúnkún tó wú, ó sì yin ilé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó bá wá. Ojú ìyá àgbà kọ́rẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

“Ọmọ ọmọ mi ni. Ṣé kí n jókòó kí òùngbẹ pa á ni?”

“Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ lóòótọ́,” ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ wí. “Ẹ bu omi náà fún ìyá rẹ̀ mu. Òun ni yóò gbé e dé ẹnu ọmọ.”

Ìyá Ọdẹ́sànmí gbé ojú sókè. Ó wo Àwẹ̀ró, ó wo ọmọ tó sùn láyà rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kò kúrò lára ọmú. Bóyá ó rántí ọmú tirẹ̀ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, tó ń ro ó lẹ́nu iṣẹ́ tí kò sì lè délé. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ó ní ọmọ kò sá lè débi iṣẹ́. Èèwọ̀ ńkọ́?

Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní kí wọ́n bu amọ̀ wá. Ó ní kí Àwẹ̀ró fún omi ọmú sí i lójú gbogbo amọ̀kòkò ìlú, kó pò ó, kó fi mọ ìkòkò, kí wọ́n sì sun ún pọ̀ mọ́ tiwọn. Bí ìkòkò wọn bá sán, kí wọ́n wá kó gbogbo ọṣẹ òun. Àwẹ̀ró ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn amọ̀kòkò yòókù kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, wọn kò fẹ́ kí ìkòkò wọn sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìkòkò náà gbẹ, tí ọjọ́ àtisun pé, Ìyá Ọdẹ́sànmí fi ẹsẹ̀ tó ń ro ó wọ́ lọ sí àgbàlá, ó gbé ìkòkò tirẹ̀ tó dára jù, ó sì fi í ti ìkòkò Àwẹ̀ró nínú iná. Ojú ti àwọn tó kù, wọ́n gbé tiwọn wá.

Nígbà tí eérú tutù, Àwẹ̀ró ni wọ́n ní kó wọ inú rẹ̀ lọ mú tirẹ̀ jáde. Ó fi ìka kan ìkòkò náà, ó sì dún gbìn-ìn, kò ní àléébù kan. Ti ìyá ọkọ rẹ̀ dún bákan náà. Ìkòkò kan sán níbẹ̀ lóòótọ́, ti obìnrin kan tó gbé e sínú iná láì jẹ́ kó gbẹ. Wọ́n wò ó, wọ́n mọ ohun tó fà á, wọn kò sì di ẹ̀bi náà ru abiyamọ.

Láti ìgbà náà, bí Àjàgbé bá ti sunkún, ìyá àgbà yóò gbé e lọ bá ìyá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, pẹ̀lú igbá omi lọ́wọ́ kejì. Abiyamọ ló ń mu omi, ọmọ ń mu ọmú. Ọdẹ́sànmí pa àtíbàbà sí àgbàlá kí oòrùn má bàa pa wọ́n, òun ló sì ń gbẹ́ amọ̀ nínú kòtò kí ìyàwó rẹ̀ lè ráyè jókòó. Omi padà sínú kànga. Àjàgbé sanra, ọrùn rẹ̀ le, ó sì ń fi ẹ̀rín gbé gbogbo ilé dìde láàárọ̀.

Nígbà tó yá, Àwẹ̀ró àti ìyá ọkọ rẹ̀ múra, wọ́n lọ sí ọjà Ìdí-Ọdán. Ìkòkò tí omi ọmú kán sí ni Àwẹ̀ró rù lórí. Ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ó gbé e kalẹ̀. Ìyá Ọdẹ́sànmí ló bá a dúpẹ́. Ó ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ dìde.” Kò rí ọpẹ́ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ dá, kò sì sí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn Àwẹ̀ró, Àjàgbé gbé orí sókè, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, bí ẹni tó wá ná ọjà. Obìnrin aláta ọjọ́ náà wò ó, ó sì ní gbogbo àwọn ló kúkú rí i lọ́jọ́ yẹn pé orí rẹ̀ wọ́.

“Ẹ rí i,” ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ wí. “Ẹ sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwa àgbà pọ̀ lọ́jà lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ orí ọmọ náà ń wọ́ lọ. Kí wá ni ìlò wa?”

Aláta dìde nídìí ọjà rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu omi sínú ìkòkò tuntun náà, ó sì bu díẹ̀ nínú rẹ̀ fún Àwẹ̀ró mu. Ọ̀rọ̀ Ìyá Ọlọ́ṣẹ lọ́jọ́ náà ni àwọn àgbà gbé kúrò lọ́jà Ìdí-Ọdán, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí di òní pé, àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́.