Bí Òórùn Ṣe Di Ti Ìkamùdù

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Àbí oorun ti ń kùn yín ni? Mo ní, ààlọ́ o!

— Ààlọ̀ ò!

Ẹ̀n-ẹ́n! Àlọ́ mi sáré títí, ó yà sọ́dọ̀ Aláǹgbá, ó sì já sílé Ìkamùdù.

Ẹ mọ Ìkamùdù, èèrà dúdú ńlá tí í tò tẹ̀léra lọ ṣọdẹ ikán. Láyé ìgbà yẹn, kò rùn rárá. Wúràọlá, má tíì fọwọ́ bo imú, mi ò tíì débẹ̀! Iṣẹ́ àárò ni wọ́n máa ń ṣe: lónìí, gbogbo wọn á ṣe ti lágbájá, lọ́la, wọ́n á ṣe ti tàmẹ̀dò. Ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ fún ni yóò fún wọn lóúnjẹ.

Aláǹgbá wò wọ́n, itọ́ dà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ n bá yín dá sí àárò yìí. Ẹ gbẹ́ ihò fún mi lónìí, èmi náà á bá yín ru ikán lọ́la."

"Ó yá!"

Wọ́n gbẹ́ ẹ, gbẹ́ ẹ, gbẹ́ ẹ, ihò jìn kanlẹ̀. Bí iṣẹ́ ti parí, Aláǹgbá wọnú ihò lọ, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó lanu kalẹ̀ nínú òkùnkùn, ó wá ń pè wọ́n lórin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ wọlé, ẹ wá jẹun.
— Tẹ̀rẹ̀ nà!
Ilé mi há, ẹ má rọ́ wọlé.
— Tẹ̀rẹ̀ nà!
Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ máa bọ̀.
— Tẹ̀rẹ̀ nà!

Ọ̀kan wọlé, káló! Òmíràn wọlé, káló! Ó ń gbé wọn mì!

Ìyá arúgbó kan wà lára wọn, Àrìnpé lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀yìn ló máa ń tò sí. Àṣàkẹ́, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti wọlé. Ìyá dúró títí, kò rí ọmọ. Àyà rẹ̀ já.

"Ẹ gbọ́ ná! Ta ló gbọ́ kí ẹnikẹ́ni gùnfẹ̀ níbẹ̀? Ta ló ti jáde wá nu ẹnu? Oúnjẹ àárò wo ni wọ́n ń jẹ tí ẹnìkan ò wí pé a dúpẹ́?"

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí wọ́n yó ná."

"Yó kẹ̀? Ọmọ mi ló wà nínú ibẹ̀ o!" Ó ti bẹ́ wọlé fìrì.

Aláǹgbá pa ẹnu dé mọ́ ọn. Ẹ̀rù ba Ìyá Àrìnpé, inú rẹ̀ dà rú. Kí ló ṣe? Wúràọlá, ó yá, di imú! Ìyá só! Fùùù! Sínú ẹnu Aláǹgbá!

"Yéèpà! Mo kú o!" Aláǹgbá bì, ó tún bì. Gbogbo ẹni tó gbé mì tú jáde láàyè, Àṣàkẹ́ náà jáde, itọ́ bò ó lórí. Ìyá rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó bú sẹ́kún ayọ̀.

Òórùn kún ihò tuntun bámú. Aláǹgbá sá jáde, ó gun ògiri, ó ń mi orí sókè sódò kí òórùn lè kúrò nímú rẹ̀. Títí dòní, ó ṣì ń mì í. Ilé tí wọ́n gbẹ́ fún un, kò lè gbé inú rẹ̀ mọ́.

Àwọn Ìkamùdù ní, "Ìyá, ẹ kọ́ wa ní nǹkan yẹn!" Ìyá kọ́ wọn, wọ́n kọ́ ọmọ wọn. Ẹ lọ fọwọ́ kan ọ̀kan lára wọn lọ́la, kẹ́ ẹ wá gbóòórùn ọwọ́ yín.

Ibi tí àlọ́ mi sọ̀kalẹ̀ sí nìyẹn. Bí mo bá purọ́, kí ẹnu mi rùn bí ẹnu Aláǹgbá. Ẹ sún mọ́ mi. Háàà! Ṣé ó ń rùn?

— Kò rùn!

Òótọ́ ni mo sọ nígbà náà.