Ojú Tí Mosúnmọ́lá Gbé Lọ Bẹ Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Láti ìgbà tí wọ́n ti jà lórí ilé bàbá wọn ni Ìbídùn kò ti bá Mosúnmọ́lá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí Mosúnmọ́lá fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́, oge kò jẹ́ kó rọra: ó fi ojú àtọwọ́dá aláwọ̀ ewé, èyí tí wọ́n ń pè ní "contact lens", bo ẹyinjú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú."

Ìbídùn wò ó títí. "Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú ológbò ni mo ń wò yìí. N kò mọ̀ bóyá ó ń bẹ̀ mí ni, tàbí ó ń ṣọ́ ẹja mi."

Ìtìjú bo Mosúnmọ́lá. Ó yọ nǹkan náà lójú, omijé sì ń dà. Ó fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Ẹ wo ọlọ́gbọ́n tó ṣojú lóge kó tó wá sunkún!"

Ẹ̀rín pa Ìbídùn. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu omijé náà, ó ní, "Dìde, ká wọlé."