Ìdí Tí Gbòǹgbò Àràbà Fi Yọ Síta

Nígbà láéláé, kò sẹ́ni tó rí gbòǹgbò Àràbà rí. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ìdí Àràbà sì rí róbótó bíi ti ọ̀pẹ.

Àràbà ni ọba igbó. Àwọn gbòǹgbò ni ìgbìmọ̀ rẹ̀, Fìdímúlẹ̀ tó dàgbà jù sì ni olórí wọn. Ní àràárọ̀, òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ lọ bá ọba: ibi tí omi wà, ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀. Ọba kì í ga sí i láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ kan, Àràbà rí i pé Ìrókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó òun. Inú bí i.

"Fìdímúlẹ̀, mo fẹ́ fi orí kan ojú ọ̀run."

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ìgbìmọ̀ ní kẹ́ ẹ ṣe sùúrù. Òkúta ló wà nísàlẹ̀, a ò tíì rí ibi tẹsẹ̀ bọ̀."

"Ta ni ẹyẹ ń rí, èmi àbí ẹ̀yin ará inú ẹrẹ̀? Ẹ tú ká! Èmi nìkan ni n ó máa ṣe ìjọba mi."

Gbòǹgbò ò léegun, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí dun Fìdímúlẹ̀ wọ eegun. Ìgbìmọ̀ dẹwọ́, wọ́n sún sẹ́yìn.

Ni Àràbà bá ń ga. Ẹ̀yin ọmọ mi, ó ga! Àyà rẹ̀ ni àwọsánmà ń gbà kọjá. Gbogbo igbó gbójú sókè, ẹnu yà wọ́n.

Àfi bí ìjì ṣe dé. Àràbà fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì. Fìdímúlẹ̀ gbọ́ igbe àwọn ọmọ ẹyẹ inú ìtẹ́ orí Àràbà, tí kò tíì lè fò.

"Ẹ jẹ́ ká lọ dì í mú!"

"Ọba tó pè wá ní ará inú ẹrẹ̀?" ni àwọn yòókù wí.

"Ọba ló ṣẹ̀ wá, ọmọ ẹyẹ ò ṣẹ̀ wá."

Ilẹ̀ ti tú, kò sóhun tí wọ́n lè dì mú nísàlẹ̀ mọ́. Fìdímúlẹ̀ bá la ilẹ̀, ó yọ síta, ó fẹ̀yìn ti ọba. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, wọ́n yí ọba ká bí ògiri ààfin. Ìjì jà títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ojú ti Ìrókò tó ti ń retí kí Àràbà wó.

Àràbà wolẹ̀, ó rí wọn. Ẹ̀rù bà á.

"Àṣé bẹ́ ẹ ṣe tóbi tó nìyí! Ẹ má padà sábẹ́ ilẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí mi, ẹ̀yin ni kó kọ́kọ́ kí."

Láti ọjọ́ náà ni gbòǹgbò Àràbà ti dúró síta, tí wọ́n ga ju ènìyàn lọ. Bó o bá dé ìdí Àràbà, wo bí wọ́n ṣe tò: ọwọ́ rẹ kò ní kan ọba kó tó kan ìgbìmọ̀.